Kámẹ́rà Aláwò-Kan: Àríyànjiyàn Àwọn Ayafọ́tò Láti 1888 Títí Di Òní

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, nígbà tí àwọn oníṣòwò kámẹ́rà kárí ayé péjọ sí ìlú Köln ní Jámánì fún ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Photokina, ilé-iṣẹ́ Fujifilm ti ilẹ̀ Japan fi kámẹ́rà kan hàn tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Orúkọ rẹ̀ ni FinePix X100. Kì í ṣe agbára rẹ̀ ni ó yà wọ́n lẹ́nu, nítorí kámẹ́rà díjítà tí ó lágbára jù ú lọ ti wà lórí àtẹ nígbà náà. Ìrísí rẹ̀ ni. Ó jọ kámẹ́rà ayé àwọn bàbá wa: ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ ń dán bí fàdákà, àwọn bọ́tìnnì yíyí tí a kọ nọ́ńbà sí wà lókè rẹ̀. Awò kan ṣoṣo, ìyẹn gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ni a dè mọ́ ọn lára. Kò ṣeé yọ, kò ṣeé pààrọ̀, kò sì lè fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn wá sí tòsí. Nígbà tí ó dé ọjà Amẹ́ríkà, dọ́là 1,199 ni wọ́n ń tà á.

Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ayafọ́tò pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan yọ̀ bí ẹni tí ó rí ohun tó ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Àwọn wọ̀nyí ti dàgbà sínú kámẹ́rà fíìmù, ó sì ti sú wọn láti máa wá gbogbo nǹkan kiri nínú àwọn àṣàyàn tó kún ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Lára X100, ènìyàn lè rí bí ihò awò ṣe fẹ̀ tó àti bí ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe yára tó kí ó tó tilẹ̀ tan kámẹ́rà rárá. Ihò tí a ń fi ojú wò jẹ́ àrà lọ́tọ̀: a lè gba inú rẹ̀ wo ayé gan-an bí ó ti rí, a sì lè fi ìka kan yí i padà kí a máa wo àwòrán tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń rí. Apá kejì bínú. Wọ́n ní kí ló dé tí ènìyàn yóò fi san owó tó bẹ́ẹ̀ fún ìwò ẹyọ kan, nígbà tí owó kan náà tó ra kámẹ́rà tí a lè pààrọ̀ awò rẹ̀? Awò X100 jẹ́ mìlímítà 23, tí ìwò rẹ̀ bá ti awò mìlímítà 35 mu lára kámẹ́rà fíìmù: kò fẹ̀ jù, kò sì sún mọ́ni jù. Bí ohun tí o fẹ́ yà bá jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò gbé ọ lọ bá a.

A fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé Köln kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ayafọ́tò ti ń bá ara wọn fà á. Ohun tí a sì rí nínú ìtàn náà ni pé ohun tí àwọn kan gbà nítorí pé wọn kò ní òmíràn ni àwọn mìíràn wá ń fi owó gọbọi rà lónìí.

Ní 1888, George Eastman, ará Rochester ní Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà Kodak àkọ́kọ́ jáde. Àpótí kékeré aláwò-kan ni. Kò tilẹ̀ ní ihò ìwòran. Ẹni tó gbé e dání yóò kàn dojú rẹ̀ kọ ohun tó fẹ́ yà, yóò sì tẹ bọ́tìnnì. Dọ́là 25 ni iye rẹ̀, fíìmù tó tó àwòrán 100 sì ti wà nínú rẹ̀. Bí ó bá tán, olówó rẹ̀ yóò fi gbogbo àpótí náà ránṣẹ́ sí Rochester pẹ̀lú dọ́là 10; wọn a fọ fíìmù, wọn a tẹ àwòrán, wọn a sì ki fíìmù tuntun bọ̀ ọ́. Inú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kò dùn sí i. Àwọn ti kọ́ iṣẹ́ kẹ́míkà, wọ́n ti ru àwo gíláàsì àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri. Lójú wọn, iṣẹ́ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ti di eré ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Alfred Stieglitz, tí orúkọ rẹ̀ wá ga nínú ìtàn fọ́tò Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí kò kọ́kọ́ ka kámẹ́rà àgbélọ́wọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1893, ó gbé ọ̀kan dání, ó sì dúró fún wákàtí mẹ́ta nínú ìjì yìnyín ní òpópónà Fifth Avenue ní New York, títí tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan fi dé ibi tí ó fẹ́ gan-an. Ní 1897 ó kọ àròkọ kan nípa kámẹ́rà àgbélọ́wọ́, ó sì gbé sùúrù àti dídúró de àkókò ga nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn tí a ń sọ yìí, èyí ni a fẹ́ràn jù. Kò sí kámẹ́rà tí ń ta wákàtí mẹ́ta nínú òtútù mọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Leica náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Oskar Barnack, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Leitz ní Wetzlar, ti fi fíìmù sinimá ṣe àpẹẹrẹ kámẹ́rà kékeré kan kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó gbóná, ṣùgbọ́n 1925 ni Leica tó dé ọjà Leipzig. Aláwò-kan ni Leica àkọ́kọ́ yẹn: mìlímítà 50, tí kò ṣeé yọ. Àwòrán orí fíìmù rẹ̀ kò ju mìlímítà 24 sí 36 lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi àwo gíláàsì ńlá ṣiṣẹ́ sì pè é ní ohun ìṣeré. Ní 1930 ni Leica tí a lè pààrọ̀ awò rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, Henri Cartier-Bresson, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó mú Leica ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, kò fi ìwò mìlímítà 50 sílẹ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lágbára láti pààrọ̀ rẹ̀. Òun yàn án. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yàn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan tiwa. Kámẹ́rà Brownie ti Kodak, tí ó jáde ní 1900 ní dọ́là kan péré, àti Rolleiflex, tí ó jáde ní Braunschweig ní 1929, jọ wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Rolleiflex ní awò méjì, ọ̀kan fún wíwò, ọ̀kan fún yíyà, méjèèjì kò sì ṣeé yọ. Ayafọ́tò yóò gbé e sí àyà, yóò tẹrí ba láti wo inú rẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà. J.D. 'Okhai Ojeikere, tí àwọn fọ́tò irun dídì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 ti dé ìlú òyìnbó, Brownie D ni ó kọ́kọ́ rà ní 1950, kò sì ní iná rárá. Ní 1954 ó wọ iṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn. Ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjelou, tí a bí ní 1912, fi fọ́tò pa ojú àwọn ará ìlú mọ́. Ọmọ rẹ̀, Leonce Raphael Agbodjelou, kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó sì ya àwọn ará Porto-Novo àti àwọn eégún wa tí àwọn ilé àfihàn òkèèrè ń gbé kọ́ ògiri lónìí. Ẹni tó wá ya fọ́tò ọdún tàbí fọ́tò ìgbéyàwó kì í béèrè bóyá awò kámẹ́rà ń yọ. Aṣọ ẹ̀yìn, àga, bí ọwọ́ yóò ṣe wà lórí orúnkún, ìyẹn ni ó ń béèrè. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbejì ṣe àpẹẹrẹ. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, wádìí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò Yorùbá ní Nàìjíríà, ó lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978 nínú ìwé African Arts. Ó ròyìn pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayafọ́tò a ya èyí tó wà láàyè, a sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, ọmọ kan náà yóò wọ aṣọ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wọ ti ẹnìkejì rẹ̀. Fọ́tò sì ń gba ibi tí ère ìbejì ti wà tẹ́lẹ̀ nínú ilé. Ọwọ́ inú yàrá òkùnkùn ni ó ṣe gbogbo èyí. Kò sí awò tí a pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí X100. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011 ni ó ń bọ̀ sí ọjà nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Japan ní ọjọ́ 11, tí òkun sì ya wọ ìlú. Taiwa ní agbègbè Miyagi ni wọ́n ti ń ṣe é, lára àwọn agbègbè tí àjálù náà ti le jù, iṣẹ́ sì dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó rí i rà kò fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ó lọ́ra láti mú ohun tí a fẹ́ yà. Ọmọ tó ń sáré á ti kọjá. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí awò kí àwòrán lè hàn ketekete, yóò yí i títí yóò fi sú u. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni a kà sí pàtàkì. Fujifilm gbọ́ ẹ̀sùn náà, wọ́n sì ń fi ìtọ́sọ́nà tuntun tí kámẹ́rà ń gbà sínú ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, nígbà tí X100S tó gba ipò rẹ̀ ti wà lọ́jà, wọ́n ṣì fi ọ̀kan ránṣẹ́ fún X100 àtijọ́, ó sì yára ju bí wọ́n ṣe tà á lọ.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé wọn. Sony gbé RX1 jáde ní 2012, ní nǹkan bí dọ́là 2,800, awò mìlímítà 35, láìní ihò ìwòran nínú ara rẹ̀. Ariwo tí àwọn ayafọ́tò pa lórí ihò yẹn kò kéré. Leica Q tẹ̀lé e ní 2015, ní iye tó ju dọ́là 4,000 lọ.

Ìdílé X100 ń bá tirẹ̀ lọ. X100V jáde ní 2020, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 2022 ni àwọn ọ̀dọ́ orí TikTok sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Ó wọ́n lọ́jà débi pé àlòkù rẹ̀ ń wọ́n ju tuntun lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2024, ní Tokyo, X100VI dé: mẹ́gápísẹ́lì 40, ẹ̀rọ tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró nínú, dọ́là 1,599. Àwọn tó ti ń lo èyí àkọ́kọ́ láti 2011 kùn pé ọ̀ṣọ́ ọrùn ni àwọn ọ̀dọ́ ń fi kámẹ́rà náà ṣe. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bóyá ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Àwa kò bá wọn sọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀gá 1888 sọ sí àwọn tó ra Kodak, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fọ́tò ẹbí tí a ṣì ń wò kò bá má sí. Owó rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹnu kùn sí. Brownie sọ awò kan di ohun tí tálákà lè rà. X100VI ti dá a padà sọ́dọ̀ olówó. Ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ fọ́tò lónìí, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, awò fóònù náà kò sì ṣeé yọ.

Nígbà tí X100VI jáde, Fujifilm ṣe 1,934 tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára lọ́tọ̀, nítorí pé 1934 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kan náà fi GFX100RF hàn, aláwò-kan pẹ̀lú mẹ́gápísẹ́lì 102, àríyànjiyàn sì tún bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ihò awò rẹ̀ kò fẹ̀ tó, pé kò ní ẹ̀rọ tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró. Àwọn kan dáhùn pé kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n gbé e lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.