Erédò Ṣùngbọ́: Yàrà Tó Yí Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú Ká

Yàrà ni àwọn Yorùbá ń pe kòtò gbọọrọ tí wọ́n máa ń gbẹ́ yí ìlú ká láyé àtijọ́, tí wọ́n á sì kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ jọ sí etí tó kọjú sí ilé títí yóò fi di odi. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ló ní irú rẹ̀, láti Ilé-Ifẹ̀ títí dé Ọ̀yọ́-Ilé, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ìyókù, nítorí pé kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo ló yí ká bí kò ṣe odindi ilẹ̀ ọba, tòun ti ìlú, abúlé, oko, igbó àti odò inú rẹ̀. Erédò Ṣùngbọ́ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160. Láti àríwá dé gúúsù rẹ̀ tó kìlómítà 40, láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn sì tó 35, débi pé apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí apá ìyókù sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìlú kan ti ń jẹ́ Erédò títí di òní.

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ níbi tó ti jìn jù yóò bá ògiri ilẹ̀ pupa lọ́tùn-ún àti lósì, tó dúró ṣánṣán, tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí ọ̀rinrin igbó sì ti mú kí ewéko wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Igi tó hù sí etí méjèèjì ti na ẹ̀ka síra wọn lókè, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé. Láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó wà lápá inú lè tó mítà 20, ìyẹn gíga ilé alájà mẹ́fà. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ọ̀hún ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé yangí ni, ilẹ̀ pupa tó kún fún irin, tó máa ń rọ̀ nígbà tó bá tutù lábẹ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń le koránkorán bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkọ́ fi lè gbẹ́ ẹ, tí òjò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kò sì lè wó o palẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ibi ló jìn báyìí. Ó jọ pé àwọn tó gbẹ́ Erédò mọ̀ọ́mọ̀ ń wá omi tàbí amọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, kí ìsàlẹ̀ kòtò lè di ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò ní lè fà tu kíákíá. Níbi tí omi bá ti tètè yọ, wọ́n á dáwọ́ dúró, ìbáà ṣe mítà kan péré ni wọ́n tíì gbẹ́. Ọgbọ́n yìí fi hàn pé kì í ṣe ìrísí tàbí ẹwà ni wọ́n ń lé bí kò ṣe pé kí ẹnikẹ́ni má lè kọjá ní ìrọ̀rùn. Wọ́n sì tún rí ère kéékèèké olórí ṣóńṣó ní ìsàlẹ̀ yàrà láwọn ibì kan, èyí tó bá ìgbàgbọ́ Yorùbá mu dáadáa, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé oríta àti ẹnubodè kò ṣàì ní ohun àìrí tó ń ṣọ́ ọ ní àfikún sí ènìyàn tó ń ṣọ́ ọ.

Ní ọdún 1959 ni P. C. Lloyd kọ̀wé lórí Erédò nínú ìwé àtìgbàdégbà *Odù*, ṣùgbọ́n ọdún 1999 ni òkìkí rẹ̀ tó kàn káàkiri ayé, lẹ́yìn tí Patrick Darling, onímọ̀ awalẹ̀pìtàn tó ti kọ́kọ́ lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí yàrà ilẹ̀ Ìbìní, wọn ibẹ̀. Ìṣirò tó jáde nígbà náà ni pé erùpẹ̀ tí wọ́n gbé kúrò níbẹ̀ tó mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 3.5, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá di erùpẹ̀ náà sínú àpótí tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, yóò kún mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Àwọn oníròyìn yára fi èyí wé píramíìdì ńlá Íjíbítì, tí kò tó bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n. Àfiwé yẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò kọ́ni ní nǹkan púpọ̀, torí pé gbígbé òkúta àti gbígbẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Òṣùwọ̀n tó sàn jù ni ti Graham Connah, tó walẹ̀ ní ìlú Ìbìní láàrin ọdún 1961 sí 1964: ó ṣírò pé bí wọ́n bá fẹ́ parí odi inú ìlú náà, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 11.6 lọ, nínú ẹ̀rùn kan ṣoṣo, yóò gba 5,000 ọkùnrin tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọjọ́ 97. Erédò gùn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́tàlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ oko ṣe ń gba àkókò yóò mọ̀ pé kò sí ìlú tó lè kó gbogbo ọkùnrin rẹ̀ kúrò lóko lọ gbẹ́lẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ̀rùn lẹ́yìn ẹ̀rùn ni wọ́n fi ṣe é, tí abúlé kọ̀ọ̀kan sì ń gbẹ́ apá tó kàn án.

Orúkọ tó wà lára yàrà náà jẹ́ ti obìnrin. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Bílíkísù Ṣùngbọ́ jẹ́ olówó àti ọlọ́lá tí kò bímọ, tó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí orúkọ òun má bàa parun. Ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti ń fi ibojì rẹ̀ han àlejò, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé òun ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí pé ayé Sólómọ́nì ti ṣáájú ọjọ́ orí yòówù tí wọ́n fún yàrà yìí ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún; ó sì ṣeé ṣe kí ìtàn ayaba náà, tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ sí Bilikisu, ti lẹ̀ mọ́ ti Ṣùngbọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Àmọ́ àṣìṣe ńlá ni yóò jẹ́ bí a bá torí Ṣébà da Ṣùngbọ́ nù. Ìtàn tó gbé irú iṣẹ́ báyìí lé obìnrin lọ́wọ́, tí kò gbé e fún ọba tàbí jagunjagun, ń pa ohun kan mọ́ nípa agbára tí obìnrin ọlọ́rọ̀ ní láyé ìgbà náà, ó sì yẹ kí òpìtàn bọ̀wọ̀ fún un.

Ní ti ọjọ́ orí, Darling àti àwọn tó tẹ̀ lé e gbà pé ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n sì fi ìgbẹ́lẹ̀ rẹ̀ sí àárín ọdún 800 sí 1000. Ìwalẹ̀ tí Gérard Chouin, Olanrewaju Lasisi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe lẹ́yìn náà mú un sún mọ́ wa: èédú tí wọ́n rí níbẹ̀, tí wọ́n wọn ìyókù kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ láti mọ ìgbà tí igi náà kú, tọ́ka sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rí tó ti inú ilẹ̀ jáde ló lágbára jù nínú méjèèjì, kò sì bu iyì yàrà náà kù, nítorí pé ó ṣì ṣáájú ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó kankan dé etí òkun Ìjẹ̀bú.

Kí ni wọ́n wá gbẹ́ ẹ fún? Ogun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n ìṣirò kékeré kan tó láti fi hàn pé ìdáhùn yẹn kò pé. Bí wọ́n bá to jagunjagun sórí odi náà ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá síra wọn, wọ́n á nílò 16,000 ọkùnrin tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́sàn-án àti lóru. Kò sí ọba nínú igbó nígbà náà tó lè bọ́ irú ẹgbẹ́ ọmọ ogun bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí yàrà lè ṣe láìsí olùṣọ́ ni pé ó ń fipá mú gbogbo ènìyàn gba bodè, ìyẹn ẹnu ọ̀nà díẹ̀ tí wọ́n dá sí, níbi tí oníbodè jókòó sí tó ń gba owó, tó ń bi àlejò léèrè ibi tó ń lọ àti ohun tó rù. Ẹni tó fẹ́ jí ènìyàn gbé lè fò ó wọlé lóru, àmọ́ yóò ṣòro fún un láti fa ẹrú tó dè gun ogiri yangí jáde. Oníṣòwò tó fẹ́ sá fún owó bodè lè la igbó kọjá pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ẹrù rẹ̀ ni kò ní lè bá a lọ. Irú àríyànjiyàn kan náà ń lọ lórí yàrà tí wọ́n fi orúkọ Offa pè, ọba Mercia tó wà lórí ìtẹ́ láti 757 sí 796, ní ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, níbi tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ti gbà báyìí pé ìṣàkóso ààlà ló ṣe pàtàkì ju odi ogun lọ.

Ohun kejì tí Erédò ṣe ni pé ó sọ àwọn ìlú tó wà nínú rẹ̀ di ọ̀kan. Àwọn abúlé tí kò ní olórí kan náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rùn, tí wọ́n sì wá ń gba bodè kan náà jáde lọ sọ́jà, kò lè má mọ ara wọn sí ọmọ ilẹ̀ kan. Nígbà tí Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Pọtogí, ń kọ̀wé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó ti gbọ́ nípa Ìjẹ̀bú gẹ́gẹ́ bí ìlú ńlá tí kòtò ńlá yí ká, ó dárúkọ Awùjalẹ̀ ọba wọn, ó sì sọ pé àwọn ará ibẹ̀ ń ta ẹrú àti eyín erin, tí wọ́n ń gba ẹ̀gbà idẹ. Ó lè jẹ́ Erédò ni kòtò tó ń wí, ó sì lè jẹ́ yàrà tó yí Ìjẹ̀bú-Òde gan-an ká; bó ti wù kó jẹ́, ìjọba tó ń darí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde ló bá níbẹ̀.

Àṣà yẹn kò yí padà fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rúndún mẹ́rin. Àwọn Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí oníṣòwò òkè rékọjá lọ bá àwọn ará etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí àwọn ará Èkó wọ inú ilẹ̀ lọ bó ṣe wù wọ́n, títì tí wọ́n ń ti ọ̀nà yìí sì wà lára ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àwáwí láti gbógun tì wọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n forí lé àríwá, etí odò Yemọjí nítòsí Ìmàgbọ̀n sì ni ìjà ti le jù. Odò ni àwọn Ìjẹ̀bú fi ṣe odi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe Erédò.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti fi Erédò, pẹ̀lú yàrà Ìbìní, sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára àwọn tó ń dúró. Láàrin àkókò yìí, àwọn ènìyàn ń gbẹ́ yangí rẹ̀ fi kọ́lé, oko ń jẹ etí rẹ̀, títì sì ti gé e sọ́nà púpọ̀. Ibi tí títì ti gé e yìí ló yẹ kó dun òpìtàn jù, torí pé ọ̀nà ọkọ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ ló sì máa ń gba bodè kọjá. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé ojúko tí oníbodè ti ń jókòó, níbi tí owó ẹyọ, ìkòkò fífọ́ àti eérú iná wọn ì bá ti sọ ohun tí wọ́n ń gbà àti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti ń gbà á, ni katakata kọ́kọ́ kó lọ, kí ẹnikẹ́ni tó ráyè walẹ̀ níbẹ̀.