Òkúta tàbí Bẹ́líìtì: Ohun Tí Sheffield Kọ́ Wa

Àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ ṣì ń jiyàn: ṣé òkúta ni kí a fi sí ẹ̀rọ ìpọ́nrin ni, àbí bẹ́líìtì? Òkúta ń jẹ́ kí irin tẹ́jú dáadáa. Bẹ́líìtì ń yára jẹ irin, kì í sì í jẹ́ kó tètè gbóná. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Ní Sheffield, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta oníyanrìn ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́. Ó lè fọ́ lójijì lórí eré kó sì pa ènìyàn, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ló burú jù, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Ní 1845, Friedrich Engels kọ̀wé pé ọjọ́ ayé àwọn tó ń pọ́n irin láìlo omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọdún 35 lọ, àwọn tó ń lo omi kì í sábà kọjá 45.

Ní 1891, Edward Acheson ṣe carborundum ní Amẹ́ríkà. Irú ohun líle bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń mọ bí òkúta, tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì. Òkúta oníyanrìn kógbá wọlé, eruku kò lọ.

Nítorí náà, èyí tó wù kí a yàn, omi, ìbòmú àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni kó ṣáájú.