Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Mùsùlùmí àti àṣà Ìsìláàmù

Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Mùsùlùmí àti àṣà Ìsìláàmù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù, àwọn aṣáájú wọn, ìjọsìn wọn àti ọdún wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Lárúbáwá, tí wọ́n sì sábà gba inú èdè Haúsá wọlé.

Ìmàle àti Mùsùlùmí

Ìmàle ni orúkọ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so ó mọ́ orúkọ Mali. Àwọn kan ní «ìmọ̀ líle» ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yìí kò ṣàlàyé bí fáwẹ́lì ọ̀ ṣe di à. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé ọ̀rọ̀ náà dé Bahia ní Brasil. Ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí dì ní Salvador ní ọdún 1835 ni a mọ̀ sí ọ̀tẹ̀ àwọn Malê. Lónìí, àwọn Mùsùlùmí kan kò fẹ́ kí a pe àwọn ní Ìmàle, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn a máa fi orúkọ náà ṣe ẹ̀gàn. Mùsùlùmí ni ó wọ́pọ̀ nínú ìwé àti ìròyìn.

Ìjọsìn àti ọdún

Lára ọ̀rọ̀ àyálò ni mọ́sáláṣí, lèmọ́mù, ládàánì, àlùwàlá àti sààrì. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó pèsè ìrun, ìṣínu, Ìtúnú Ààwẹ̀ àti Iléyá.

Àwọn ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò

Àdúrà, wàásù, àlàáfíà, àlùbáríkà àti wákàtí ti di ti gbogbo Yorùbá. Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther kó ipa pàtàkì nínú ìtumọ̀ rẹ̀, lo àlùfáà fún ẹni tí ń rúbọ níwájú Ọlọ́run; ààfáà sì ṣẹ́kù fún àwọn Mùsùlùmí. Nítorí náà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898, ọ̀rọ̀ kan náà ni pásítọ̀ àti lèmọ́mù ń lò fún àdúrà àti ìwàásù.

Orúkọ ènìyàn

Làmídì wá láti inú Abdul-Hamid. Jímọ̀ sì ni ọjọ́ Ẹtì. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta jọba ní Ọ̀yọ́ láti 1970 di 2022, Ṣọ̀ún Jímọ̀ Oyèwùmí sì jọba ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1973 di 2021.