Orúkọ Tí Ó Yẹ Wáyà Inú Àkọ̀

Ẹni tí ó bá ti Iléṣà, ilé ọmọ Ọbòkun, jáde, tí ó kọjú sí ọ̀nà Àkúrẹ́, kò ní rìn jìnnà kí ó tó kan Ìwàràjà, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, níbi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti yà, tí ó fi jẹ́ pé oríta ibẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí awakọ̀ àti èrò tí ń ná ọ̀nà Èkìtì. Bí kọ̀ǹpútà mẹ́ta mẹ́rin bá ti wọ ọ́fíìsì kan, yálà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni o, yálà ní Òṣogbo Òròkí ni o, wáyà yóò tẹ̀lé wọn wọlé; èyí tí a fà lónìí yóò gorí èyí tí a fà lésìí, òkú yóò máa bá ààyè gbé, títí abẹ́ tábìlì yóò fi rí jágbajàgba, tí wáyà yóò máa kọ́ akọ̀wé lẹ́sẹ̀, tí eku yóò sì sọ ibẹ̀ di ilé. Nígbà náà ni a óò wá ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ wáyà, kí ó wá tún un tò, kí ó sì wá ohun tí yóò fi bò ó.

Ẹ tẹ́tí sí oníṣẹ́ náà bí ó ti ń pàṣẹ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: “Fa wáyà yẹn wá. Yọ ẹnu rẹ̀. Má tíì gé e o. Tú èyí tó lọ́ mọ́ ọn. Kó wọn bọ inú tírọ́ńkìn, kí o fi táì dè wọ́n.” Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́fà ni ó fi pàṣẹ, Yorùbá pọ́ńbélé sì ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìtumọ̀ wọn sì ya ara wọn gédégbé, nítorí ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gé ohun tí a ní kí ó yọ ti dá gbèsè sí ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni èdè Gẹ̀ẹ́sì rí gbà lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀nà àbáyọ wà: kí á fi ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ti wà lẹ́nu oníṣẹ́ ṣe ìpìlẹ̀, kí á wo iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí orúkọ rẹ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn àgbà ti wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Àṣà yìí ti wà lọ́wọ́ wa pẹ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń kiri aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọn a máa lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn yóò fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́, inú ìlóṣòó yẹn gan-an ni orúkọ wọn, Òṣómàáló, ti jáde. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò kiri ilé ní Èkó ní 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí ara ògiri náà ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pe irú rẹ̀. Ní 1959 tí tẹlifíṣọ̀n WNTV dé Ìbàdàn, a rí amóhùnmáwòrán. Ní 2013 sì ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama, wọ́n pè é ní Ọpọ́n Ìmọ̀, ọ̀rọ̀ méjì tí kò ṣòro fún ọmọdé, tí kò sì rin àgbà lẹ́nu. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò sì káwọ́ gbera: Ayọ̀ Bámgbóṣé ni olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì ní 1990. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni àwọn ìwé náà wà fún; a kò ránṣẹ́ wáyà sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá fọwọ́ kan wáyà náà fúnra rẹ̀. Bí a bá bó èèpo rẹ̀, wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ni a óò bá níbẹ̀, tí a lọ́ pọ̀ ní méjì méjì. Alexander Graham Bell ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí irú ìlọ́ yìí ní 1881, fún wáyà tẹlifóònù. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ariwo iná tí ó bá kan ọ̀kan nínú méjì tí a lọ́ pọ̀ yóò kan èkejì bákan náà. Ẹ̀rọ tí ó wà lópin wáyà kì í sì í wò ju ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lọ, nítorí náà ariwo náà yóò ti ara wọn ṣòfò. Wáyà ìlọ́pọ̀ ni mo pè é. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò rántí pé nínú ìlọ́ ni agbára rẹ̀ wà, kò sì ní tú u ju nǹkan bí ìdajì íǹṣì lọ nígbà tí ó bá ń dé e lẹ́nu.

Àwọ̀ wáyà mẹ́jọ náà ni ó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, nítorí àwọn kan ń sọ kiri pé funfun, dúdú àti pupa ni gbogbo àwọ̀ tí Yorùbá ní. Ọmọ Òṣogbo, ìlú aró, kò gbọdọ̀ dákẹ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A ní àwọ̀ aró, a ní ti ewé, a ní ti ọsàn, a ní ti ilẹ̀. Èyí tí ó funfun tí a sì fi àwọ̀ mìíràn fà nílà, abilà ni. Nítorí náà, ètò wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní B, ọmọ iṣẹ́ lè kà á láti ọwọ́ òsì báyìí: abilà ọsàn, ọsàn, abilà ewé, aró, abilà aró, ewé, abilà ilẹ̀, ilẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí i pé kò ṣòro láti há sórí.

Ní ti ohun tí a fi ń bo wáyà mọ́ ara ògiri, tí ó gùn gbọọrọ, tí ó ní ìdérí, èdè wa ti pèsè orúkọ sílẹ̀ láti ayé ogun: àkọ̀. Àkọ̀ wáyà ni tírọ́ńkìn. Wáyà iná mànàmáná kò sì gbọdọ̀ bá wáyà kọ̀ǹpútà gbé inú àkọ̀ kan náà láìsí ohun tí ó là wọ́n láàárín. Ohun tí a fi ń di wáyà pọ̀ ni ó gba ìfarabalẹ̀, nítorí oríṣi méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ike, bí a bá ti fà á tì, ó di pé kí a gé e. Ìdè ni èyí. Èkejì rọ̀ bí aṣọ, a ń dì í, a sì tún ń tú u, ọ̀já ni. Ìdè tí ó fún jù a máa tẹ ìlọ́pọ̀ inú wáyà rẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ a sì dínkù. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ fi ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé ọ̀já ni kí ó lò. Bí a bá pe méjèèjì ní “táì”, ìyàtọ̀ yìí kò hàn lẹ́nu.

Pátákó tí gbogbo wáyà inú ilé ń parí sí, tí wáyà kúkúrú sì ń ti iwájú rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀rọ, pátákó oríta ni, bí oríta Ìwàràjà níbi tí ọ̀nà ti yà. Súwíìṣì kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ mú wàhálà wá, nítorí ohun tí a fi ń tan iná ti gba orúkọ náà. Ẹ̀rọ tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kan, tí ó sì ń jẹ́ ẹ fún ẹni tí a rán an sí, ajíṣẹ́ ni mo fọwọ́ sí. Èyí tí ó dúró láàárín ilé àti íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò sí ohun tí ó wọlé tàbí tí ó jáde tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, oníbodè ni.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe jẹ́ kí ìtara yìí gbé wa kọjá àyè wa. Wáyà ti di ọmọ ilé. Kọ̀ǹpútà náà ti di ọmọ ilé. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá dùn lẹ́nu agbóhùnsáfẹ́fẹ́, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó mú ìṣo àti òòlù lọ́wọ́. Ohun tí oníṣẹ́ ti sọ di tirẹ̀, kí á fi í sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣẹ́ wáyà, bí ẹ bá ń lẹ àmì mọ́ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, ní orí àti ní ìdí, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá: Yàrá Ọ̀gá 1, Akápò 2, kí ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́la lè mọ ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ lọ bá wọn níbi iṣẹ́, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kí ẹ tó jókòó ṣẹ̀dá orúkọ. Orúkọ tí ọmọ iṣẹ́ kò lè pè lórí àkàsọ̀ kì í ṣe orúkọ.