Àdín Dúdú àbí Àdín Ẹ̀rọ?

Ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, àdín méjì ló wà: dúdú, àti èyí tó mọ́. Èkùrọ́ kan náà ló bí wọn. Ẹ tú orúkọ rẹ̀ wò, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀ka Yorùbá: à + dín. Ńṣe ni àwọn ìyá wa ń dín èkùrọ́ nínú ìkòkò títí òróró á fi yọ. Iná ló sọ ọ́ di dúdú, tó fún un lóòórùn (Èṣù kì í fẹ́ gbúròó rẹ̀). Ẹ̀rọ ló ń fún èyí tó mọ́. Kí ogun 1914 tó dé, Jámánì ló ń ra ọ̀pọ̀ jù lọ èkùrọ́ Nàìjíríà, wọ́n ń fún un fún ọṣẹ àti bọ́tà. Ti ìkòkò dúró sílé, fún ìpara àti gìrì. Fún ìpara, òun ni mo máa rà. Ti gìrì ńkọ́? Ilé ìwòsàn ni: àdín tí a rọ sẹ́nu ọmọ tí gìrì ń gbé lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.