Báwo ni orúkọ Kwame Nkrumah ṣe kúrò lára yunifásítì Kumasi, tó sì tún padà?

Ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Krofrom. Ìlú tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Twi. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ti yunifásítì tó wà nílùú kan náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ olóṣèlú ni wọ́n fún un.

Ọdún 1952 ni ilé ẹ̀kọ́ náà ṣílẹ̀kùn, Kumasi College of Technology ló sì ń jẹ́. Nígbà tó di yunifásítì lọ́dún 1961, wọ́n sọ ọ́ ní Kwame Nkrumah University of Science and Technology. Nkrumah kò tíì kú nígbà náà o; òun gan-an ni ààrẹ tó wà lórí àlééfà.

Bẹ́ẹ̀, Kumasi kì í ṣe ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń kan sáárá sí i. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ National Liberation Movement ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1954, tí Baffour Osei Akoto, ọ̀kan lára àwọn agbẹnusọ Asantehene, ṣáájú rẹ̀. Owó kòkó ló kọ́kọ́ bí wọn nínú: ìjọba Nkrumah dá iye tí àgbẹ̀ ń gbà dúró sójú kan, nígbà tí kòkó ń wọ́n lọ́jà àgbáyé. Ìjà náà mú ẹ̀mí àti dúkìá lọ nígboro Kumasi. Ó ṣòro, nítorí náà, láti ka orúkọ ọdún 1961 sí ẹ̀yẹ lásán. Àmì ẹni tó borí ni.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ọdún 1966, nígbà tí Nkrumah wà nínú ìrìnàjò sí Éṣíà, àwọn ológun àti ọlọ́pàá gbàjọba. Wọ́n wó ère rẹ̀ lulẹ̀ ní Accra, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára yunifásítì. University of Science and Technology nìkan ló kù. Nkrumah kú sí Romania lọ́dún 1972. Ọdún 1998, lásìkò Jerry Rawlings, ni òfin tó dá orúkọ náà padà wáyé. Ní ti àwọn ọlọ́kọ̀ trotro, “Tech” ni wọ́n ń pe agbègbè náà títí di òní.

Ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ikú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1987 ni yunifásítì Ifẹ̀ tó gba orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìjọba tó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, pé yunifásítì Èkó yóò máa jẹ́ ti Moshood Abíọ́lá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta láti fẹ̀hónú hàn. University of Lagos ló ṣì ń jẹ́.