Orísun Ẹ̀gàn tí Àwọn Olùgbọ́ kan ń Gán Orin Smooth Jazz ní Amẹ́ríkà

Ohun tí bébà yìí fẹ́ ṣe ni láti wá ìdí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn orin jáàsì ní Amẹ́ríkà fi ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní smooth jazz. A ó máa pè é ní jáàsì pẹ̀lẹ́ níhìn-ín. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi kàn án: pé kò ní àtinúdá, pé ọjà títà ni ó wà fún, àti pé ẹnikẹ́ni kì í fetí sí i, ṣe ni ó kàn ń dún bí a ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èrò tiwa ni pé ohun méjì ni àwọn ẹlẹ́gàn ń dà pọ̀: iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣèré àti ètò àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò.

Orin náà ti wà kí ó tó gba orúkọ. Ní ọdún 1967, Wes Montgomery, ògbóǹtarìgì nínú gìtá títa, gbé àwo A Day in the Life jáde lábẹ́ àbójútó Creed Taylor. Lára ohun tí ó tà nínú rẹ̀ ni orin àwọn Beatles tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ní ọdún 1976, Breezin' ti George Benson tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn lámèyítọ́ kan ti ń kùn nígbà náà pé owó ni wọ́n ń lé. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Benson kò mọ iṣẹ́. Ó ti bá Miles Davis ṣeré nínú àwo Miles in the Sky ní ọdún 1968.

Ètò rédíò ni ó yí ọ̀ràn padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé ọdún 1987, KTWV bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi wà ní Chicago àti New York. Nígbà tí ó yá, àwọn olùdarí ètò a máa lu ègé orin kúkúrú fún àwọn olùgbọ́ tí wọ́n kó jọ, wọn a sì ní kí wọ́n sọ bí ó ti dùn mọ́ wọn sí. Orin tí ó bá lè mú ènìyàn yí rédíò rẹ̀ sí ibòmíràn, wọn a yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, orin tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú ni ó ń borí, àwọn òṣèré mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tí rédíò yóò gbà.

Kenny G ni ẹ̀gàn náà wá dá lé lórí jù lọ. Àwo rẹ̀ Breathless, ti ọdún 1992, tà ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ní ọdún 1999, ó fi fèrè saxophone rẹ̀ kún ohùn Louis Armstrong, ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1971. Pat Metheny, tí òun náà jẹ́ onígìtá olókìkí, bu ẹnu àtẹ́ lù ú gidigidi. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti adùn orin. Ó ti di ọ̀rọ̀ ogún: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan iṣẹ́ àwọn àgbà, kí ó sì pè é ní jáàsì?

Ní ìkádìí, ilé-iṣẹ́ New York fi ètò náà sílẹ̀ ní ọdún 2008, ti Chicago sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2009. Ẹ̀sùn àwọn ẹlẹ́gàn fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ètò rédíò ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi ẹ̀bi ọdún 1987 gbá Montgomery mú, ẹni tí ó ti kú ní ọdún 1968. Ojúṣe òpìtàn ni láti dá ẹjọ́ kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.